Ohun Tí Àsẹ́ Dì Mú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n sin Bàbá Ràímì. Ọjọ́rú ni Ọmọ́yẹni tó gbọ́ pé ó kú.

Ó ń fọ ẹnu lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí Àsẹ́ ara ògiri yàrá rẹ̀ là. Ogójì ọjọ́ gbáko ni àpótí kékeré náà ti fi pa ẹnu mọ́, tí kò jẹ́ kí ìròyìn kankan dé etí Ọmọ́yẹni àfi ti ìgbéyàwó, ti ìkómọjáde, àti ti òjò tó rọ̀ sórí oko àwọn ẹlòmíì. Ohùn tó wá jáde nínú rẹ̀ tutù, kò yára, kò sì falẹ̀, bí ìgbà tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ ọmọ nínú kíláàsì.

"Ẹ kú iṣẹ́ àná, Ẹnu Fásitì Òkè-Agbọ̀nrín. Àsìkò ìfọ̀kànbalẹ̀ yín ti parí. Ìwé olóhùn mẹ́rìndínlógún ni mo dì mú kí ọkàn yín má baà dàrú. Èyí tó dé kẹ́yìn ni màá kọ́kọ́ kà. Ọ̀gbẹ́ni Ràímì Ọjẹ́níyì, olùtọ́jú ilé irúgbìn, jáde láyé ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n sin wọ́n lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ṣé kí n máa kà lọ?"

Ọmọ́yẹni ò tu ìhó ọṣẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì gbé e mì. Ó dúró síbẹ̀ títí ìhó náà fi ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀.

Ìrun ọ̀sán. Ó mọ ibi tí òun wà lásìkò yẹn. Aṣọ funfun ló wọ̀. Inú ilé rìbìtì tó wà láàárín fásitì ló jókòó sí, níwájú Dígí, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ojú Dígí aláwọ̀ eérú, ojú tó máa ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí ara ewúrẹ́. Ogójì ìbéèrè ni Dígí máa ń bi Ẹnu, òṣìṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ fásitì, lọ́dọọdún nípa bí fásitì ṣe ń ṣe sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òfin ti sọ pé àlejò kò gbọdọ̀ dá fásitì lẹ́jọ́ mọ́. Kí fásitì fi ẹnu ara rẹ̀ yẹ ara rẹ̀ wò. Ìdáhùn márùn-ún ló wà nílẹ̀, láti orí Kò Tíì Bẹ̀rẹ̀ títí dé orí Ó Ti Di Àṣà. Ẹnu lè mú èyí tó wù ú nínú wọn, ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ̀ kò bá sí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ojú Dígí á pọ́n dẹ́dẹ́, á wá dúdú bí aṣọ àró, gbogbo ìlú á sì rí i.

Ní ìbéèrè kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Dígí bi í pé, "Ǹjẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́ yín tó nílò ìsinmi ló ń rí i gbà?"

Ọmọ́yẹni ní, "Ó ti di àṣà."

Dígí kò tètè funfun. Ó dúró díẹ̀, bí ìyá tó ń wo ojú ọmọ tó ní òun kọ́ ni òun jẹ ẹran inú ìkòkò. Lẹ́yìn náà ló wá funfun gbòò. Àwọn tó wà níta sì pàtẹ́wọ́.

Bóyá ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń da erùpẹ̀ bo Bàbá Ràímì.

Ó tu ìhó náà síta. Ó ní, "Máa kà lọ."

Ìwé méjìlá ni Àsẹ́ kọ́kọ́ kà, èèyàn méjìlá, gbogbo wọn ló ń tọrọ ìsinmi. Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ohun kan ṣoṣo ti ń di méjì lójú òun. Akọ̀wé kan ní ilé ìkàwé ní òun ti sùn lọ lórí ìdúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, orí àtẹ̀gùn sì ni ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọkùnrin kan ò tilẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Ó kàn ń mí sínú ìwé náà fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní ọjọ́ mẹ́ta péré ti tó òun. Gbogbo wọn ló fi "ẹ jọ̀ọ́, bí kò bá ní ni yín lára" parí ọ̀rọ̀ wọn. Orí tábìlì Ọmọ́yẹni ní ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ ló yẹ kí gbogbo rẹ̀ bà lé. Ṣùgbọ́n nínú ogójì ọjọ́ Ẹnu, Àsẹ́ ni tábìlì.

Mẹ́ta tó kù, ti Bàbá Ràímì ni. Méjì àkọ́kọ́ ṣe ṣókí: ó ń tọrọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún tọrọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé irúgbìn ti fẹ̀yìn tì láti ọdún tó kọjá, ọmọ tuntun kan tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n fi rọ́pò wọn, òun ló ń yí èyí tó pọ̀ jù nínú irúgbìn. Ìkẹta kò jọ ìwé ọ́fíìsì rárá.

"Ọmọ́yẹni, èmi ni. Mo mọ̀ pé o ò ní gbọ́ eléyìí àfi tó o bá ti sọ̀rọ̀ tán níwájú Dígí. Òun ló jẹ́ kí n lè sọ ọ́." Ikọ́ gbà á lẹ́nu. Ó hú u tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Mi ò bínú sí ọ o. Ọjọ́ tó o bá mi lórí korobá yẹn, mo rí i pé o rí mi. O ṣe dáadáa bó ò ṣe béèrè. Ká ní o béèrè ni, ǹ bá sọ, á wá dà ọ́ láàmú lọ́jọ́ ọ̀rọ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ. Ṣìfáwù ọmọ mi ti wọṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, oṣù mẹ́ta rèé, inú àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ ọdún kìíní ló wà. Má jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò ní ìyá, bó o ṣe mọ̀. Ó sì mọ irúgbìn jù mí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì sọ ọ́ sí i létí, kó má baà gbéra ga. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣé o ti jẹun?"

Àsẹ́ ní, "Ó parí."

Ọmọ́yẹni jókòó sórí ibùsùn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó kọ́kọ́ dé Òkè-Agbọ̀nrín, tí wọ́n ní kó máa kọ ìwé ìránṣẹ́ fún ilé irúgbìn. Bàbá Ràímì ló kọ́ ọ níṣẹ́. A máa sọ fún un pé, "Tó o bá kọ ìwé tán, fi ẹnu kà á sókè kó o tó fi ránṣẹ́. Ibi tó bá há ọ lọ́fun, padà síbẹ̀." Gbogbo ohun tó wá sọ Ọmọ́yẹni di Ẹnu, ọ̀dọ̀ bàbá yìí ló ti mú un.

Ọjọ́ korobá náà kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ọmọ́yẹni ń kọjá níwájú ilé irúgbìn, ó sì rí bàbá náà tó jókòó lórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tó tú okùn bàtà rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bo etí bàtà. Bó ṣe rí Ọmọ́yẹni ló fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ wálẹ̀.

"Bàbá, ṣé àlàáfíà ni?"

"Dáadáa ni, a dúpẹ́. Ṣé o ti jẹun?"

Báyìí ni gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe máa ń dá Ẹnu lóhùn láàárín ogójì ọjọ́. Dáadáa ni, a dúpẹ́. Ọmọ́yẹni gbé ojú sókè, ó wo òfuurufú bí ẹni tó ń wá òjò, ó ní òun ti jẹun, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ní kó wo òfuurufú.

*

Ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Rẹ́jísírà, wọ́n ti tan iná funfun márùn-ún sókè, tí wọ́n fi ń fi yé ará ìlú pé fásitì náà gba ipò tó ga jù. Lásún tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló ń nu ojú iná náà pẹ̀lú aṣọ. Ó ti ní ọmọ mẹ́ta, ó sì ti hewú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún yìí ni wọ́n tó gbà á síṣẹ́.

"Ẹnu wa tí kì í jẹ òkúta," ni Lásún wí, tó dọ̀bálẹ̀ dé ààbọ̀. "Lánàá, Dígí funfun bíi lékèélékèé. Ìyàwó mi ní ṣé wọ́n kùn ún ni. Mo ní ọ̀dà kọ́, Àǹtí Ọmọ́yẹni ni."

"Lásún, o gbọ́ pé Bàbá Ràímì kú?"

Aṣọ ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú iná.

"Gbogbo wa la gbọ́, Àǹtí. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò gbọ́."

"O kí mi láàárọ̀ àná. Mo bi ọ́ pé báwo ni ibi iṣẹ́."

"Mo ní dáadáa ni, a dúpẹ́."

"O sì ti mọ̀ nígbà yẹn."

"Wọ́n ń wẹ òkú wọn lọ́wọ́ nígbà yẹn." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí nu iná náà, kò wo ojú rẹ̀ mọ́. "Kí ni ẹ bá ní kí n ṣe? Bí mo bá là á lójú yín, Dígí á dúdú. Tó bá dúdú, àwa ọmọ ọdún kìíní ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ fún pé ká máa lọ sílé. Mo jókòó nílé fún ọdún mẹ́fà kí n tó rí iná tí mò ń nù yìí, Àǹtí."

Ọmọ́yẹni fọwọ́ kàn án léjìká, ó wọlé.

Ìyáàfin Ṣódiípẹ̀, Rẹ́jísírà fásitì náà, ń bó ọsàn lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Ó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ, a sì máa bó ọsàn kí èèpo rẹ̀ má já, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń ká okùn.

"Jókòó," ló wí.

"Ẹ jẹ́ n dúró, mà."

"A jẹ́ pé o ti gbọ́." Ó gbé ọsàn náà sílẹ̀. "Ó dùn mí o. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo dì í mú. Àsẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó lè ṣí Àsẹ́ kí ọjọ́ tó pé, èmi gan-an ò lè ṣí i."

"Kí ni wọ́n kọ sínú ìwé Bàbá Ràímì, mà? Ìwé ikú wọn."

"Pé wọn ò béèrè ìsinmi. Pé wọn ò tọ́jú ara wọn."

"Wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀mejì."

"Níbo?"

"Nínú Àsẹ́."

"Kò sẹ́ni tó rí inú Àsẹ́ lánàá, Ọmọ́yẹni. Lánàá la sì sọ̀rọ̀." Kò sọ ọ́ tìkàtìkà, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń sọ fún èèyàn pé abẹ́rẹ́ máa dùn ún. "Ohun tó bá ṣáájú ọ̀rọ̀ Ẹnu, ọ̀rọ̀ Ẹnu ti bò ó mọ́lẹ̀."

"Àwọn méjìlá tó kù ńkọ́? Wọ́n ṣì wà láàyè, mà."

"Wọ́n á tún béèrè lọ́dún tó ń bọ̀. Títí dìgbà náà, àkọsílẹ̀ ní gbogbo wọn ti sinmi."

Níta, Lásún ń kọrin lóhùn jẹ́jẹ́, orin tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń kọ nígbà ìdárayá.

"Òfin fún Ẹnu ní ọjọ́ mẹ́ta láti ká ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò, kó ní òun ò sọ ọ́ mọ́," ni Ọmọ́yẹni wí.

"Òfin fún un. Ọ̀la ló pé ọjọ́ mẹ́ta. Tí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́la, ó di àpáta." Ìyáàfin náà yọ awò ojú rẹ̀. "Jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé ọ, kó má ṣe dà bíi pé mo pa á mọ́ fún ọ. Bó o bá ká a kò, Dígí á dá wa padà sí Kò Tíì Bẹ̀rẹ̀. Á ṣí ìwé àwọn méjìlá yẹn, ìjọba á fi adélé ránṣẹ́ wá ṣiṣẹ́ wọn, wọ́n á sì lọ sinmi, wọ́n fẹ́, wọ́n kọ̀. Wọ́n á tún ìwé Ràímì kọ. Ibi tó dára nínú ẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n fásitì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba òṣìṣẹ́ tuntun. Ọgbọ̀n ọmọ ọdún kìíní á di ẹrù wọn lọ́jọ́ náà, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwọ náà á lọ. Kò sì sí fásitì tó ń gba Ẹnu tó ti ká ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rí."

"Ṣìfáwù wà nínú ọgbọ̀n yẹn."

"Ó wà níbẹ̀. Lásún náà wà níbẹ̀."

Ó mú ọsàn náà, ó là á sí méjì, ó na ìlàjì sí Ọmọ́yẹni. Ọmọ́yẹni fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, nítorí kò mọ bí èèyàn ṣe ń kọ̀ ọ́.

"Èmi náà ti jẹ́ Ẹnu rí," ni Ìyáàfin Ṣódiípẹ̀ wí. "Ọdún mẹ́rin. Ọdún kejì, wọ́n ní obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ nílé ìkàwé ṣubú lulẹ̀. Ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ mi ni Àsẹ́ sọ fún mi. Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá."

"Ṣé ẹ máa ń rántí ẹ̀, mà?"

"Kí ni mo fẹ́ fi rántí ẹ̀? Mi ò mọ orúkọ ẹ̀, mi ò mọ ojú ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi gan-an nìyẹn, kí n má mọ̀ ọ́n." Ó wo àga tó jókòó lé, bí ẹni pé ẹlòmíì ló gbé òun kà á. "Lọ sílé. Jẹ ọsàn rẹ. Ohun tó o bá ṣe, mi ò ní bínú sí ọ. Ó kù síbi tó o bá gbé e gbà."

*

Ọjọ́bọ̀ ni àdúrà ọjọ́ kẹta. Ọmọ́yẹni wé gèlè dúdú, ó da ìborùn lé èjìká, ó lọ sí ilé Bàbá Ràímì ní apá ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé. Wọ́n ti ta ìbòrí síwájú ilé, ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ, aáfà méjì, àti àbúrò Bàbá Ràímì obìnrin tó wá láti Ìwó. Ó kí wọn, wọ́n kí i. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ṣìfáwù ńkọ́, mà?"

"Ó wà níbi iṣẹ́," ni obìnrin ará Ìwó náà wí. "Mo ní, iṣẹ́ wo? Ṣé bàbá ẹ̀ kọ́ la fẹ́ ṣàdúrà fún ni? Ó ní wọn ò fún òun láyè. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀, òun á máa ṣe àmín níbẹ̀."

Ilé irúgbìn kò jìnnà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wo ojú Ọmọ́yẹni, ó dá a mọ̀, ó ṣí. Òtútù inú rẹ̀ gbá a láyà. Àtẹ ló kún ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé àjà, irúgbìn ayé àtijọ́ ló wà lórí wọn: awújẹ, òtílí, ọkà bàbà pupa, ẹ̀gúsí tí kò sẹ́ni tó ń gbìn ín mọ́ láti ìgbà tí òjò ti yí ọ̀nà padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀rọ máa ń fọ́ wọn lórí.

Láàárín àtẹ méjì, Ṣìfáwù dúró nínú kóòtù bàbá rẹ̀. Ó ti ká apá kóòtù náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọwọ́ rẹ̀ tó yọ. Ó kúnlẹ̀ tòun ti igbá irúgbìn lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Àǹtí."

"Dìde, dìde. O kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á fi àlùjánnà kẹ́ wọn."

"Àmín, mà."

"Ṣé ara le?"

"Dáadáa ni, a dúpẹ́," ni ọmọ náà wí. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ọmọ́yẹni wá ibi jókòó. Korobá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Ó jókòó lé e.

"Ìgbà wo lo ti wà níbí?"

"Láti àárọ̀ àná, mà. Mo sùn díẹ̀ lẹ́yìn ọkà bàbà níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ò yí irúgbìn, lọ́jọ́ tí a sin Bàbá, awújẹ méjì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí bu." Ó fi ọwọ́ tú irúgbìn náà kiri nínú igbá bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ìka rẹ̀ kò dúró. "Mo béèrè ìsinmi ọ̀fọ̀. Wọ́n dá mi lóhùn láìpẹ́, kí n má parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní kò sí ìsinmi tó kù láti fún ẹnikẹ́ni, gbogbo ẹni tó nílò rẹ̀ ní fásitì yìí ló ti rí i gbà. Mo ní, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní Ẹnu ni."

Ṣìfáwù gbé igbá náà sí ọwọ́ kejì.

"Mo wá rò ó, mo ní tó bá jẹ́ Àǹtí ló sọ ọ́, a jẹ́ pé èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ká ní ó wà níbẹ̀ ni, ìbá rọ Ọmọ́yẹni lọ́rùn. Láti òde, àmín àwọn tó wà lábẹ́ ìbòrí ń dún bọ̀ láti òkèèrè, Ṣìfáwù sì ń fi ètè ṣe é tẹ̀lé wọn, àmín, àmín, ó ń yí irúgbìn.

"Ẹ wo eléyìí, Àǹtí." Ó ṣí ìgò kan, ó da hóró òtílí kan ṣoṣo sí àtẹ́lẹwọ́. Hóró náà ti ya ẹnu, nǹkan funfun tín-ín-rín kan sì ti yọ orí jáde. "Ọdún mọ́kànlélógún ni Bàbá fi sọ pé ó ti kú. Èmi ni mo ní ká tún gbìyànjú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló hù. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn wò ó, wọ́n jáde síta lọ jókòó. Bóyá inú wọn ò dùn sí i."

"Inú wọn dùn sí i."

"Ṣé wọ́n sọ fún yín ni?"

"Wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ní o mọ irúgbìn ju àwọn lọ."

Ṣìfáwù wo hóró náà títí. Ó rọra dá a padà sínú ìgò, ó dé e, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kóòtù nu imú. "Ó dáa," ló wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ dàgbà síbí ni, Àǹtí. Kí n mú wọn hù lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ọmọ́yẹni lè dìde nígbà náà kó máa lọ. Oòrùn á wọ̀ fúnra rẹ̀. Kò ní láti ṣe ohunkóhun. Ọmọ náà á ní iṣẹ́ rẹ̀, Lásún á ní iná rẹ̀, Bàbá Ràímì á sì ti rí ohun kan ṣoṣo tó tọrọ gbà. Ó wo òkè. Àjà ilé irúgbìn ló wà níbẹ̀, kò sí òfuurufú kankan. Ó gbé ojú rẹ̀ wálẹ̀.

Bàtà bàbá rẹ̀ ni Ṣìfáwù wọ̀. Okùn rẹ̀ ti tú.

"Bọ́ bàtà yẹn, jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ."

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Mo mọ̀. Bọ́ ọ."

Ọmọ náà gbé igbá sílẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti àtẹ, ó bọ́ ọ̀kan, ó tún bọ́ èkejì. Ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti tutù rinrin. Nígbà tí ó bọ́ wọn tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí ràkọ̀ràkọ̀, ó funfun ní ọmọ ìka, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí wú lókè ọrùn ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún.

Ọmọ́yẹni fi korobá náà sílẹ̀ fún un, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí itan ara rẹ̀. Ó tú ìborùn èjìká rẹ̀, ó fi wé wọn, ó sì di ọwọ́ mú wọn láti ìta. Ojú ń ti Ṣìfáwù, ó fẹ́ fà wọ́n padà, Ọmọ́yẹni kò jẹ́. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí àmín òde fi dákẹ́.

"Àǹtí, ẹ ń sunkún."

"Mò ń sunkún. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn mi lè yẹ̀. Bàbá rẹ béèrè ìsinmi, wọn ò fún wọn. Mo rí ẹsẹ̀ wọn, mi ò béèrè. Tí mo bá kúrò níbí, ọ̀dọ̀ Dígí ni mò ń lọ, màá sì ká ọ̀rọ̀ mi kò. Bàbá rẹ bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí iṣẹ́ yìí bọ́ lọ́wọ́ rẹ, Ṣìfáwù. Màá jẹ́ kó bọ́."